Ọ̀já Tí Mo So Mọ́ Báàgì

Mo rántí ìgbà tí àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan, tí mo ń pọ̀n ọ́n láràárọ̀ láti Òkòkòmáíkò lọ sí Ọjà Àlàbá, níbi tí mo ti ń bá ọ̀gá kan ta fáànù. Ọmọ á wà lẹ́yìn, báàgì ńlá á wà léjìká, náílọ́ọ̀nù méjì á wà lọ́wọ́. Kí ni ò sí níbẹ̀? Fúláàsì ògì, abọ́ ọbẹ̀, aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́rin, oògùn ibà, agboòrùn, àní àti àbẹ́là, bíi pé oòrùn Àlàbá fẹ́ wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ibà ló ti mú ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kó gbogbo ilé rìn.

Ìyá onílé wa kì í gbẹ́nu dákẹ́. "Ìyàwó, ṣé ọkọ ẹ lé ẹ jáde ni? Ìgbín ló ń gbé ilé ẹ̀ rìn o, ìgbín ò sì lè sá eré."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rù àwọn jáwójáwó tó ń já báàgì gbà ní Ìyànà Ìbà ló ń bà mí, mi ò sì lọ́wọ́ tí màá fi di tèmi mú. Mo bá dá ọgbọ́n: mo ń so okùn báàgì mọ́ ojú ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọmọ. Ta ló máa já báàgì tó so mọ́ ọmọ?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìyànà Ìbà láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan gbá báàgì náà mú. Ó fà á, kò já. Ó tún fà á, èmi àtọmọ ló ń wọ́ lọ. Orúnkún mi bó lórí títì, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ọ̀já tú lápá kan, ọmọ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dorí kodò, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ló há sínú ọ̀já.

"Màdáàmù, fi sílẹ̀ jàre!" ni olè náà ń wí.

"Ọmọ ni! Ọmọ ló wà níbẹ̀!"

Ó fa abẹ yọ. Lónìí, mo mọ̀ pé okùn ló fẹ́ gé kó lè sá. Lọ́jọ́ náà, ọrùn ọmọ mi ni mo rí. Mo gé ọwọ́ ẹ̀ jẹ títí eyín mi fi kan egungun. Bàbá Haúsá kan tó ń fa àgbò bọ̀ láti Àlàbá Rágò ló fi ọ̀pá gbá a lọ́rùn tó fi ṣubú.

Èrò pé jọ kí n tó mí. Níbẹ̀, ẹni tí olè jà ló ń kọ́kọ́ na olè.

"Ìyá ọmọ, ẹ bẹ̀rẹ̀! Ẹ̀yin la ń wò!"

Mo gbé ọmọ mi sílẹ̀. Mo mú fúláàsì, mo sì là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín ẹ̀ kan fò jáde. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí, "àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Mo tún là á mọ́ ọn. Àwọn kan ti ń pariwo pé kí wọ́n wá táyà wá.

Àfi ohùn ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn: "Ta ló ni ọmọ yìí? Wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa o!" Ó ti gbé e mọ́ra. Èrò ti tẹ ọmọ náà lọ́wọ́, ìka ẹ̀ méjì ti wú bí èso. Mo já a gbà, mo sá lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn yè.

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ìka ẹ̀ sì ti san. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà máa ń yìn mí pé mo jà fún ọmọ mi bí ẹkùn. Kí ìyá àgbàlagbà yẹn tó pariwo ni mo ti gbọ́ ẹkún ọmọ mi lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé òun ni. Mo sì tún gbé fúláàsì sókè.