Àbúrò Mi Tí Kì Í Dá Ojú Ènìyàn Mọ̀

Nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré kiri agboolé wa ní Kokomlemle, tí ìjọba Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ológun tó wọ ti olóṣèlú, mo gbà pé kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Accra. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nínú mi.

Màmá mi ń ta ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Circle. Ìkòkò tí wọ́n ń fi irin yíyọ́ ṣe ni, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní dadesẹn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà ìdérí kọ̀ọ̀kan bá ìkòkò tirẹ̀ nìkan mu. Kí ọkọ̀ tó gbé wọn dé, gbogbo ìdérí á ti dàpọ̀ mọ́ra wọn, a ó wá jókòó máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọrùn á fi máa dùn wá.

Yorùbá ló pọ̀ jù nínú agboolé wa. Aláta ni àwọn aládùúgbò ń pè wá. Ohun kan sì wà tó ń ba àwọn òbí wa lẹ́rù ju ebi lọ, òun ni kí ọmọ tí wọ́n bí sí Ghana má di ẹni tí kò mọ àgbà kí. Nílé-ẹ̀kọ́ a máa ń dúró ṣánṣán kí tíṣà, kò sí ẹni tó bínú. Nílé, bí o bá rí àgbà, kó o kúnlẹ̀, kó o sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é. Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà ló dàgbà jù níbẹ̀. Bí o bá kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ láìkúnlẹ̀, ẹjọ́ rẹ á ti dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ kó tó di ọ̀sán.

Àárín wa níbẹ̀ ni wọ́n mú àbúrò mi wá. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ń gbé Ashaiman, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Tema, kò sì sí ẹni tó lè bá a mójú tó ọmọ. Màmá mi ní kó mú un wá, pé òun á fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tí èmi náà ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Èmi ti pé mẹ́tàlá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti kó sí ìjọ̀ngbọ̀n. Ó kọjá lára Ìyá Àgbà bí ẹni kọjá lára òpó. Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ fún ọmọge tó ń ta waakye, ìrẹsì òun ẹ̀wà, lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà." Ọmọge náà rẹ́rìn-ín débi pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní àfojúdi ni. Màmá mi bá a wí, ó nà án, ó tún bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yìí á dúró sórí òkìtì ìdérí, á wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn: èyí ti ìyẹn ni, èyí ti tọ̀hún ni. Kì í dán an wò rárá. Bó ṣe gbé e lé e ni yóò ṣe dé e pa. Màmá mi á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ọmọ yìí gbọ́n paa!" Inú mi ò dùn sí i. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń fọ aṣọ nídìí ẹ̀rọ omi, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tẹ́ ẹ fi ń mọ ojú èèyàn?" Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó ní kì í ṣe àwàdà. Ó ní òun ń rí imú, òun ń rí ojú, òun ń rí ẹnu, ṣùgbọ́n bí òun bá ti mójú kúrò báyìí, gbogbo rẹ̀ á fọ́nká, òun ò ní rántí bí wọ́n ṣe tò. Ìborùn aláwọ̀ ewé ni òun fi ń mọ Ìyá Àgbà. Ìrìn ẹsẹ̀ ni òun fi ń mọ màmá mi. Èmi ńkọ́? Ó ní ohùn mi ni, àti bí mo ṣe máa ń ju apá. Bàbá rẹ̀ gan-an, irùngbọ̀n rẹ̀ tó kún ni òun fi ń mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á ní orí òun ò pé.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan ni ìlérí tí mo mú ṣẹ, ọ̀nà tí mo sì gbà mú un ṣẹ kò dára. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé èmi ni yóò máa bá a wo ojú. Bí àgbà bá ń bọ̀, màá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ, màá sọ ẹni tó ń bọ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun á sì kúnlẹ̀. Kíá ni agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín pé ó ti gbẹ̀kọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo ń gbà. Òun ló ń pọn omi ìwẹ̀ mi. Nígbà tí mo bá sì fẹ́ ṣeré, màá sọ ẹlòmíràn fún un, màá wá máa wo bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún kọ́ńdọ́ ọkọ̀.

Ọdún Iléyá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú àlejò, màmá mi gbá orí ọmọ náà mú, ó ní òun ti rí ẹni tí yóò jogún ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bóyá àwàdà ló fi ṣe. Èmi tí mo gbé abọ́ ẹran lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́ ọ ní àwàdà.

Gbogbo ènìyàn ló wọ funfun lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà pàápàá bọ́ ìborùn aláwọ̀ ewé sílẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba àbúrò mi, kò fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, bàbá rẹ̀ dé láti Ashaiman. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ pa àgbò kì í gé irun títí yóò fi pa á. Ọkùnrin náà ti pa àgbò tirẹ̀ láàárọ̀, ó wá lọ bá onígbàjámọ̀, ó ní kó fá orí àti irùngbọ̀n pátá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú jàlàbíà tuntun, itan àgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí òun kó pariwo.

Ọmọ náà gbé àwo ife sóbólò, ìyẹn omi ìṣápá, ó ń bọ̀. Ó wò ó. Ó yà fún un lọ́nà bí wọ́n ṣe ń yà fún àlejò, ó rọra tẹ̀ba, ó ní, "Ẹ kú ọdún, sà," ó sì kọjá. Lẹ́yìn náà ló yíjú wò mí. Ó ń bi mí pẹ̀lú ojú pé, ta nìyí?

Mo mọ̀ ọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ fárí. Mo gbé ojú mi lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó ní, "Èmi? Èmi tí mo bí ẹ lò ń pè ní sà? Kokomlemle ti sọ mí di àlejò rẹ nìyẹn!" Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ni àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Gbogbo agboolé ti rí i. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń tọ́ka sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n yíjú sí mi. Màmá mi ní, "Kí lo mọ̀?" Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan, Màámi."

Ọjọ́ náà gan-an ni bàbá rẹ̀ mú un padà sí Ashaiman. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, ó ní ọmọ tí ìwé máa sọ di ẹni tí kò mọ bàbá rẹ̀, kó má kàwé. Kò sì kàwé mọ́ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń kiri ọjà ni ó lọ ń gbé. Kó tó lọ, ó wá bá mi nínú yàrá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ojú ń tì mí nígbà náà, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú mi ni ọ̀rọ̀ wà lọ́jọ́ náà, mo sì gbé e sá fún ọmọ tí kò ní ojú mìíràn tó lè gbára lé. Màmá mi kú láìmọ òótọ́. Èmi àti àbúrò mi máa ń pàdé níbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú, bí mo bá ti sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi!" á kúnlẹ̀. A kì í dárúkọ ọjọ́ náà.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń ju ọwọ́ sí àgbà láti ọ̀ọ́kán, kò sí ẹni tó ń pe ìdílé jọ lé e lórí. Fóònù yín, ẹ kàn gbé e sójú ni, á ti mọ̀ yín. Mo sì gbọ́ tí dókítà kan sọ lórí rédíò pé àwọn kan wà tí ọpọlọ wọn kì í di ojú ènìyàn mú, pé kì í ṣe àfojúdi, kì í ṣe wèrè. Mo pa rédíò náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ ayé ìsinsìnyí ni, ẹnìkan ì bá ti bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè kí wọ́n tó nà án. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ayé àtijọ́ kọ́ ló ṣe é. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ ìdáhùn.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yẹn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ashaiman láti lọ bẹ̀ ẹ́. Aṣọ ọmọdé ló ń tà. Ó gbójú sókè, ó wò mí tààrà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alhaja, ẹ káàbọ̀. Èwo ni kí n mú fún yín?" Mo mọ̀ pé bí mo bá lanu báyìí, yóò mọ̀ mí. Mo fi ìka tọ́ka sí aṣọ kan, mo sanwó, mo lọ.

Ẹ ti bi mí pé ta ni mo ń ra aṣọ ìkókó fún, nígbà tí kò sí ìkókó nílé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ báyìí. Aṣọ mẹ́ta ló wà nínú àpótí, mi ò sì tíì lahùn.