Dígí Òsì Ọkọ̀ Bàbá Rọra

Rọra kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ akérò, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò yọrí síta, yóò ní, "Rọra o, ọ̀gá mi, ilé lò ń lọ, kì í ṣe ọ̀run!" Ìwọ̀nba eré yẹn ló fi jẹun, ló fi kọ́lé, ló fi tọ́mọ. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ rẹ̀ kò fara kan ọkọ̀ ẹlòmíràn rí. Bí o bá jókòó tì í díẹ̀, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, o báà fẹ́ gbọ́, o báà má fẹ́.

Ẹ wá wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwé, ó padà dé ẹnu géètì ilé ara rẹ̀, ó sì fi dígí ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ gbá òpó géètì, gbàà! Òpó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun. Òpó tí kò rìn, tí kò sáré, tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé.

Kò lè sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe dígí ló ń rò, nítorí dígí ṣeé rà lọ́jà. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé òun kò rí òpó náà rárá kí òun tó kọlù ú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ máa ń dúró sí bí wọ́n bá ṣí géètì fún un. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló dúró síbẹ̀ ńkọ́? Ó lé èrò náà bí ẹni lé eṣinṣin. Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Oòrùn wo? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà lásìkò yẹn. Ẹ má dá bàbá lóhùn.

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì ti sáré jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. "Ẹ kú ewu o, Bàbá! Ikú tí ì bá pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọlọ́kadà kan ló gbá a, ó sì sá lọ," ni Bàbá Rọra wí.

Hàà! Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́yìn eyín tẹ́lẹ̀. Aránṣọ bá a ṣépè fún ọlọ́kadà tí kò sí níbì kan, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ti Bàbá Rọra, ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ yí àfọ́kù dígí tó já sílẹ̀.

Ẹ ó ní ṣé kò mọ mẹkáníìkì ni. Ó mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ yẹn, ọkùnrin tó lè tún bíréèkì gbogbo ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí ẹnu tirẹ̀ kò ní bíréèkì. Bó bá ti rí dígí náà, yóò bi í níbi tó ti ṣẹlẹ̀, kó tó di ọ̀sán yóò ti dé etí àkọ́bí Bàbá Rọra, ìyá àwọn ọmọ yẹn. Nọ́ọ̀sì lobìnrin náà. Kò tíì pẹ́ tó sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ n mú yín lọ yẹ ojú yín wò. Ẹ kì í rí èèyàn mọ́ àfi bó bá sún mọ́ yín." Bàbá Rọra bínú lọ́jọ́ náà débi pé kò parí oúnjẹ. Ojú tó fi ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí i! Ojú tó ṣì fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ìyá ọmọ náà!

Òótọ́ ni, ó ń rí ojú abẹ́rẹ́. Ohun tó bá wà nítòsí kì í ṣòro fún un. Ohun tó bá jìnnà ló ti ń di kúrukùru, díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó rí nǹkan mìíràn dá lẹ́bi nígbà gbogbo. Lẹ́ẹ̀mejì ló ń fọ dígí iwájú ọkọ̀ láràárọ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń yìn ín pé bàbá yìí mà fẹ́ràn ìmọ́tótó.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá gbọ́, yóò yọ àwọn ọmọ kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ yẹn nìkan ló kù fún un láti gbé. Nítorí wọn ló ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀, nítorí wọn ló ṣe ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa jí ṣe? Ìyá wọn yóò sì kó wọn wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́la, ibi dígí yẹn gan-an ni yóò gbà kọjá. Àfi kí òun tún un ṣe lónìí.

Ló bá fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ojúlówó nítorí pé kò sí ohun tó tà rí tí kò búra pé ojúlówó ni. Ó ra dígí, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e mọ́ àyà wálé bí ẹyin.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣòro fún un. Ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú dígí tó fọ́ kí àfọ́kù má baà dà sílẹ̀. Ó ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ó gbé e lé e títí gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ fi rọ̀, ó wá fi ẹnu sukudiráfà ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ike dúdú tó gbé dígí dání ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù pa á pọ̀, ó fi okùn rọ́bà dì í kó lè gan. Ọ̀dà funfun ara òpó tó lẹ̀ mọ́ ike náà kò fẹ́ lọ bó ti wù kó fi aṣọ nù ún tó. Nígbà tó kan dígí tuntun, àtẹ́lẹwọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́, láti àárín lọ sí etí, nítorí ẹni tó bá fi ìka tẹ etí dígí yóò padà lọ ra òmíràn.

Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó wo dígí. Ó rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ kedere. Ó wá yí i síta, kó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Kúrukùru.

"Ayédèrú!" ló pariwo. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀, àbí ẹ ò rí nǹkan? Dígí ló ní àléébù!

Ó tú u, ó di ọ̀dọ̀ Ojúlówó. Kó tó wọlé ló ti ń jà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ó ní wọ́n fẹ́ fi dígí tó ń ṣú pa òun àti ọmọ ọlọ́mọ. Ojúlówó gbé dígí náà sókè, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, ó ń wo inú rẹ̀.

"Bàbá, mo ń rí obìnrin tó ń ta ọsàn ní òdìkejì. Mo ń rí i pé okùn bàtà rẹ̀ kan já. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kí n rí?"

"Ṣé o fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ gba òmíràn." Ojúlówó fún un ní òmíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fún un, ó wo ojú bàbá náà ju bó ṣe ń wo dígí lọ. Bàbá Rọra rí ìwò yẹn, nítorí ó wà nítòsí. Ó gba dígí náà, ó sì yára gba ilé lọ.

Nígbà tó fi máa lẹ èkejì tán, ìyàwó rẹ̀ ti dé láti ọjà. Bàbá Rọra sọ ti ọlọ́kadà fún un. Obìnrin náà fi ìka kan ọ̀dà funfun ara ike dúdú yẹn, ó wo òpó géètì, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ọlọ́kadà náà kú iṣẹ́," ló wí, ó sì wọlé lọ gbé ìkòkò kaná.

Bàbá Rọra padà jókòó sídìí ọkọ̀. Bí èkejì yìí bá tún ṣú ńkọ́? Kò fẹ́ dá nìkan wò ó. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá dúró sẹ́yìn ọkọ̀, kí òun fi ṣètò dígí. Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹnìkan á máa rìn sẹ́yìn, awakọ̀ á máa yí dígí títí yóò fi rí i láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ibí dáa?" ni ohùn ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́yìn.

"Máa lọ sí ìsàlẹ̀ àgbàlá."

Ó ń yí dígí. Lójijì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó rí i! Ó ṣú díẹ̀, àmọ́ ó rí i, pẹ̀lú aṣọ búlúù lára, ó dúró gbagidi. Àyà rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Mo ti rí ọ! Sún sí ọ̀tún díẹ̀... ó tó, ó tó! Dúró bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé ayédèrú ni tàkọ́kọ́, mo sọ ọ́! Kí ló dé tó ò ń mi ara báyìí? Ṣé ijó ni mo ní kó o wá jó? Ìyá wọn, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o!"

"Bàbá wọn, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ohùn náà ti wá, lójú fèrèsé ọkọ̀ gan-an. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbóòórùn ìkòkò tó ń jó, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ paná, ó sì ti padà dé.

Bàbá Rọra wò ó. Ó yíjú wo dígí. Ẹni aṣọ búlúù náà ṣì dúró níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń mì í lórí okùn tí wọ́n sá a sí.

Ká ní ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Obìnrin tó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí bọ́tìnnì tó dè gbòdì, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú dígí náà láti ẹ̀yìn èjìká ọkọ rẹ̀.

"Mo ń rí aṣọ mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo tún ń rí ibi tó ti ya."

Ẹ̀rù ń ba Bàbá Rọra bí ọmọdé, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú tipẹ́tipẹ́, ọkọ̀ tí kò sì lọ síbì kan.

Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sórí pèpéle, ó ti pe àkọ́bí wọn lórí fóònù. "Má wulẹ̀ kó àwọn ọmọ wá láàárọ̀ ọ̀la, wá bí wàá ṣe ṣe é. Ọkọ̀ bàbá yín ló bàjẹ́... Ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ̀n-ẹ́n, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́... Rárá, ara Dádì le, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Obìnrin yìí kì í purọ́. Kò mọ̀ ọ́n pa. Ńṣe ló ń kólòlò, tó ń wo ilẹ̀. Bàbá Rọra gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀, ó sì dùn ún ju dígí, ó dùn ún ju òpó lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ń bọ̀, ó na ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá Rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ọkọ̀ kò bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le ju tèmi lọ. Èmi ni mi ò ríran mọ́, ọmọ mi, mi ò sì rí òpó tí mo kọlù láàárọ̀ yìí." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò. "Wá lónìí kó o wá gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ mi. Má jẹ́ kó di ọ̀la o, nítorí mo mọ ara mi."