Aṣọ Ìkómọ Ìyá Òkukù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó di gbìì, ó já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó bá ìyá kan tó gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ níbẹ̀.

Túnráyọ̀ ni ìyá náà ń jẹ́, ará Òkukù. Nígbà tí Fọláfúnmi, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bímọ ní Ìkìrun, Túnráyọ̀ di ẹrù láti lọ wẹ ọmọ. Kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun, torí ó mọ̀ pé ìyá Fọláfúnmi, olùkọ́ ní Inísà, náà ń di ẹrù. Wọ́n ní ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ wẹ ọmọ ni ọmọ ń mọ̀. Túnráyọ̀ ò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun mọ ọwọ́ Inísà ṣáájú ti Òkukù.

Kò sí igi ìdáná nílé ọmọ rẹ̀, Matthew. Irin kan tó ká bí ejò ni wọ́n ń kì bọ omi, tí iná mànàmáná fi ń mú un gbóná. Aago kékeré kan, táímà, wà lára ògiri, òun ni wọ́n ki okùn irin bọ̀. Bí àsìkò bá tó, táímà á tan irin. Bó bá ṣe díẹ̀, á pa á, kí omi má baà hó gbẹ.

"Màmá, táímà yìí ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ o," Matthew wí. "Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan omi tàbí irin. Bí kò bá yé yín, ẹ jẹ́ kí Màmá Inísà máa wẹ ọmọ."

"Èmi? Èmi tí mo fi igi tútù se omi tí mo fi wẹ̀ ọ́? Kí ló wà lára aago tí kò ní yé mi?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹnu lásán ni.

Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni iná bá lọ. Táímà dákẹ́. Túnráyọ̀ wò ó, ó mi orí.

"O ti ṣiṣẹ́ tán. O kúuṣẹ́."

Ó kí aago kú iṣẹ́! Kò mọ̀ pé iná tó lọ ló dá a dúró, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì kù. Ó fa irin yọ. Níbo ni kó gbé e sí? Ilẹ̀ dọ̀tí, irin omi ọmọ tuntun ò sì gbọdọ̀ kan ìdọ̀tí. Ó rí ìró ìkómọ rẹ̀ lórí àga, tó ti fọ̀, tó ti lọ̀. Ó rọra tẹ́ irin sórí rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.

Ó wẹ ọmọ tán, ó ń fi òrí pa á lára, ni gbogbo àdúgbò bá hó yèè: "Ó ti dé o!"

Túnráyọ̀ náà hó. Ariwo tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí iná ṣe dé, táímà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, irin ń gbóná, ìyá ń jó lórí ìjókòó. Nígbà tó yá, òórùn dé.

"Fọláfúnmi, ta ló ń jó irun ewúrẹ́ láàárọ̀ yìí?"

"Ye! Màmá, aṣọ yín ni!" Fọláfúnmi sáré wọlé, ó fa táímà yọ lára ògiri. Èéfín ti kún yàrá. Ihò róbótó bí ejò tó ká ló wà láàárín ìró.

Ìró kan ṣoṣo ló gbé wá láti Òkukù. Òun náà ló ró lọ́jọ́ ìkómọ.

"Ẹ kú oríire o, ìyá wa," Ìyá Inísà, tí wọ́n wá fún ìkómọ, kí i. Ojú wọn bọ́ sí ìdí ìró. "Irú àrà wo lẹ dá sára aṣọ yìí?"

"Táímà ló bá mi dá a. Mo kí i kú iṣẹ́, ó sì fún mi lẹ́bùn."

Ẹ̀rín ta ní àgbàlá. Túnráyọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ló di ọwọ́ Ìyá Inísà mú.

"Ẹ má padà lónìí. Ọwọ́ mi mọ ọmọ. Kò mọ irin."

Ìyá Inísà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má sọ fún Fọláfúnmi o. Èmi olùkọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì ike ni mo fi irin tèmi yọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ máa wẹ̀ ẹ́. Èmi á máa yọ iná."

Láti ọjọ́ náà, Túnráyọ̀ á gbé ọmọ dúró lókèèrè, á máa ké: "Ìyá olùkọ́, ẹ gbé táímà náà sókè kí n rí i lọ́wọ́ yín!" Bí kò bá rí i, kò ní sún mọ́ omi.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí ẹ̀rín ìyá náà ń pa jù, dìde, lọ wò ó bóyá irin tiwa ti kúrò lára ògiri. Ẹ̀yin yòókù, ẹní ń dúró dè yín. Ó dàárọ̀ o.