Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ológbò Ọmọ Mi Lọ sí Lanham

Láti Seat Pleasant títí dé Beltsville, ní Maryland l'Amẹ́ríkà níbí, kò sí ẹni tó ń kan awọ mọ́ àga bíi tèmi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbé àga tirẹ̀ jáde ká jọ wò ó. Ìwé kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé n'Ìbàdàn kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dókítà àti lọ́yà ló ń pè mí ní "sà" nísàlẹ̀ ilé mi níbí, níbi tí ẹ̀rọ tí mo fi ń rán awọ wà. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ló gbé ọmọbìnrin mi dé yunifásítì.

Òun ló gbé ológbò wọlé. Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì máa ń wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò nínú ilé. Ìyẹn ò dùn mí. Awọ ló dá ìjà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé àga pẹpẹ mẹ́ta fún mi ṣe, mo fi awọ pupa bò wọ́n, ó ń dán bí omi. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ọ̀kan ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo tú u, mo tún un kàn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ológbò tún fà á ya.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ọ̀gá pátápátá! Ológbò lásán-làsàn ló ń tú iṣẹ́ yín palẹ̀?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Wọ́n á yọ gbogbo èékánná ọwọ́ rẹ̀, kò ní hù mọ́ láéláé. Ti ìyàwó mi rèé, kò ha nǹkan kan láti ọjọ́ yẹn."

"Kò ní dùn ún?"

"Wọ́n á kùn ún lóorun. Àbí ẹ̀yin máa ń sunkún tí ẹ bá ń gé èékánná yín ni?"

Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà yẹn, òfin tó wá ka irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lẹ́yìn náà kò tíì jáde. Ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ìbuwọ́lùwé kiri, wọ́n fẹ́ kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Annapolis ṣe òfin kan nítorí ológbò. Ọjọ́bọ̀ ló máa lọ sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Mo ti ròyìn ẹ̀ ká gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì: ọmọ mi fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀! Páálí ìwé pélébé tí wọ́n ń pín wà nínú búùtù ọkọ̀ mi, èmi ni mo ń bá wọn gbé e káàkiri. Ohun tí òfin náà fẹ́ dá dúró gan-an, mi ò bi í. Mo ṣáà rò pé wọn ò fẹ́ kí èèyàn máa na ológbò ni. Tí èèyàn bá ti fi nǹkan yangàn tán, ó máa ń nira fún un láti tún padà béèrè pé kí ni nǹkan ọ̀hún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mi lọ síléèwé. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì mú ológbò, mo tì í sínú àgò rẹ̀, ó di Lanham. Àárín ilé ìfọṣọ kan àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni ibi ìtọ́jú ẹran náà wà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì na ìwé ojú ewé mẹ́rin sí mi.

"Ẹ kà á dáadáa, sà."

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn á wo ojú ewé kan fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹni tó mọ̀wé fi ń kà á, á mi orí díẹ̀, á ṣí i. Mo buwọ́ lù ú níbi mẹ́ta.

"Àárọ̀ yìí náà ni wọ́n máa ṣe é," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́la."

Mo fa àgò lé e lọ́wọ́, mo padà sídìí ọkọ̀, mo ṣí búùtù láti ju táwẹ́ẹ̀lì sí i. Páálí yẹn dojú dé, ìwé tú ká. Mo mú ọ̀kan. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n yà sí i, wọ́n sì fi ilà pupa gé ìka kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe níbi èékánná, níbi oríkèé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ológbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilà pupa kan náà, níbì kan náà. Àwòrán kò nílò Gẹ̀ẹ́sì.

Mo wo ọwọ́ tèmi. Mo ká ìka ìfábẹ̀lá mi kò, mo tún nà án. Orí ìka yìí ni mo fi ń di ìṣó wẹ́wẹ́ mú. Egungun ni wọ́n fẹ́ gé.

Mo sáré wọlé. Èèyàn méjì ló wà níwájú mi, mo kọjá wọn.

"Ẹ dákun, ológbò dúdú tí mo gbé wá, ẹ má ṣe é mọ́!"

"Wọ́n ti gbé e wọlé, sà. Ẹ ti buwọ́ lùwé. Kí ló yí padà?"

"Ìyàwó mi ni ò fẹ́."

"Ẹ pè é kí n bá a sọ̀rọ̀."

Ìyàwó mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ológbò kúrò nílé. Mo ń wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ọmọbìnrin yẹn. Ó ṣáà wà ní títì. Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó gbé ajá kékeré mọ́yà, sún mọ́ mi. Ó ti gbọ́ ohùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

Yorùbá tó fi bá mi sọ̀rọ̀ ló tú mi lẹ́nu. "Mi ò ka ìwé tí mo buwọ́ lù. Mi ò lè kà á."

Látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọbìnrin ìdí tábìlì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì líle sọ fún un pé bàbá yìí ò mọ ohun tó buwọ́ lù, kí wọ́n dá a dúró kíá. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá ló gbọ́. Ọmọbìnrin náà sáré wọlé.

Mo jókòó, mo tún dìde. Mo ń tẹ́tí bóyá màá gbọ́ igbe. Nígbà tó yá, dókítà jáde, ó ní wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n ti fá irun ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì gé nǹkan kan. Wọ́n ní kó sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. Ológbò ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ikùn nínú àgò. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fa ọwọ́ yẹn jáde wò. Bí wọ́n bá ti gé ẹyọ kan ńkọ́, tí wọn ò fẹ́ sọ? Ìyẹn ni mo gbé sáyà délé.

Ọmọ mi ti dé. Ó rí ibi tí wọ́n fá.

"Dádì, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo gbé e lọ kí wọ́n yọ èékánná rẹ̀. Mo dá wọn dúró. Wọ́n ní àwọn ò tíì gé e."

"Ẹ buwọ́ lùwé fún wọn? Kò sí i nínú ìwé pé egungun ni wọ́n ń gé?"

"Mi ò lè kà á."

Ó wò mí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí hàn án. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ológbò lé itan, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe tẹ̀ ẹ́, èékánná á yọ, funfun, tẹẹrẹ. Mo ń kà á nínú. Ọwọ́ ọ̀tún pé márùn-ún. Nígbà tó dé ìka kẹta lọ́wọ́ òsì, nǹkan kan ò yọ. Ó tún un tẹ̀, ó yọ. Mẹ́wàá pé.

"Dádì," ó ní, kò gbójú sókè, "ẹ má fọwọ́ kàn án títí màá fi ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án."

Kò sí ẹni tó ti pàṣẹ fún mi nínú ilé yẹn rí.

"Mo ti gbọ́," mo ní, mo sì dúró síbi tí mo wà.