Onídùúró Bámigbóyè Oníbúrẹ́dì

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Òmù-Àrán nípa olóògbé Bámigbóyè oníbúrẹ́dì, ọ̀rọ̀ wọ́dà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni. Ó fẹ́ gba ìwé-àṣẹ láti máa ṣe búrẹ́dì tà. Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀lé e dé ọ́fíìsì káńsù, torí ó mọ̀ pé ọkọ òun kì í purọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù. Oko ti kọ̀ wọ́n: iṣu tí Bámigbóyè bá gbìn, ọ̀bọ ní í jẹ ẹ́. Ààrò búrẹ́dì tí wọ́n mọ sẹ́yìn ilé nìkan ló kù tí wọ́n gbójú lé.

Akọ̀wé bèèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìlọrin ni.

Akọ̀wé gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní òfin ò fún ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ní ìwé náà. Kí bàbá kúkú sọ pé Èkó lòun ti kọ́ ọ. Àyìnkẹ́ tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bámigbóyè yíjú sí i, ó ní, "Ṣé ìwọ lo tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ni?"

Ó wá sọ fún akọ̀wé pé, "Bí mi ò bá ṣẹ̀wọ̀n, mi ò ní mọṣẹ́. Mo ṣẹ̀wọ̀n, mo mọṣẹ́ tán, ẹ ní kí n má ṣe é. Èwo ni kí n ṣe, ọmọ mi?"

Kì í kúkú ṣe olè. Wolé-wolé kan ló rí tanwíji nínú àmù rẹ̀ láyé òyìnbó, tó ní kó da omi náà nù. Kò sọ ibi tí yóò dà á sí, Bámigbóyè sì dà á sí i lórí. Oṣù mẹ́fà ni adájọ́ fún un.

Àánú ṣe akọ̀wé. Ó ní kó lọ mú ẹni iyì kan tó mọ ìwà rẹ̀ wá, kó dúró fún un níwájú ìgbìmọ̀. Àyìnkẹ́ dárúkọ pásítọ̀, ó dárúkọ ọ̀gá ilé-ìwé. Bámigbóyè wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó sì mú Àbúdùlàhí bọ̀, wọ́dà tó ṣọ́ ọ lẹ́wọ̀n. Àyìnkẹ́ káwọ́ lérí.

Ìgbìmọ̀ bi wọ́dà bóyá ó mọ ọkùnrin yìí dáadáa.

Wọ́dà ní, "Oṣù mẹ́fà gbáko, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀. Ìyẹ̀fun ìjọba wà níkàáwọ́ ẹ̀, kò bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ta nínú yín ni wọ́n ti ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Ọjọ́ tí wọ́n sin Bámigbóyè, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Salaudeen wá láti Òkè-Ọdẹ. Ó sọ fún Àyìnkẹ́ pé nígbà tí òun tẹ̀wọ̀n dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró fún òun kóun lè gba láìsẹ́ǹsì. Bámigbóyè tí kò mọ òun rí ló bá òun lọ. Àwọn ará ọ́fíìsì láìsẹ́ǹsì ní ẹlẹ́wọ̀n ò lè dúró fún ẹlẹ́wọ̀n. Bámigbóyè fa àga, ó jókòó, ó ní kí wọ́n mú ẹni tí kò ṣẹ̀ rí wá, òun yóò dìde fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ jókòó síbẹ̀ kó tó sú wọn.

Àyìnkẹ́ rántí ọjọ́ mẹ́ta náà. Ó ti bá a jà pé ó fi ààrò sílẹ̀ fún òun nìkan, bàbá ò sì sọ ibi tó ń lọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó wá kí i, ó rín in títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ó yẹ kó sọ fún mi. Ǹ bá ti máa gbé búrẹ́dì lọ fún un níbẹ̀."