Jíìpù Tí Kì í Wọ Omi

Ọmọ Kétu ni Háàrúnà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Kútọnu. Ilé rẹ̀ wà ní Ekpè, ní òpópónà oníyanrìn kan tó sún mọ́ òkun. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á gba ojú ọ̀nà náà láti ẹnu ilé rẹ̀ títí dé títì ọlọ́dà. Ìdí nìyí tó fi ra jíìpù olówó ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kátíkátì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa ọkọ̀ náà. Bí méjì bá rì sínú ẹrẹ̀, méjì yòókù á fà á yọ.

Lọ́jọ́ tó gbé e kúrò ní èbúté, abẹ́ àtíbàbà kan tó háyà létí títì ló gbé e sí. Ó bu omi tútù, ó sì wẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. A kì í sì í rán ìyàwó tuntun lọ sóko. Háàrúnà ní iyọ̀ wà nínú omi Ekpè, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Láràárọ̀, á ká ṣòkòtò sókè, á fi bàtà kọ́ ọrùn, á wọ́ omi kọjá lọ bá jíìpù rẹ̀ níbi tó gbẹ. Ṣàrífátù ìyàwó rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e, pẹ̀lú aṣọ títà lórí.

Àyìndé mẹkáníìkì ti kọ́ ọ ní ìtọ́jú ọkọ̀ náà: kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra, kí ojú wọn sì máa jẹ bákan náà; kí ó máa pààrọ̀ òróró inú jíà iwájú; kí ó sì máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú ṣiṣẹ́ lórí iyanrìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà gan. Háàrúnà gba ìmọ̀ràn yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ra iyanrìn odò tí kò ní iyọ̀, wọ́n sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà. Bí oṣù bá parí, á gun òkìtì náà, á sọ̀ kalẹ̀, á wá fi ìgbálẹ̀ gbá táyà mọ́. Àwọn tí iyanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ọ̀nà wọn á dúró máa wò ó. Mùtíù aládùúgbò rẹ̀, tó ń fi zémìjàn, alùpùpù akérò, ṣiṣẹ́, a máa bi í bóyá ìyàwó ti jẹun.

Ní oṣù Òkúdù, omi dé orúnkún. Ṣàrífátù ṣubú sínú rẹ̀ tòun taṣọ títà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wọlé, ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí méjì, ó sì jókòó lé èyí tó tóbi.

"Baálé mi, mò ń lọ sílé bàbá mi ní Kétu."

Háàrúnà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

"Ẹsẹ̀ mi ò sì ní kan omi yẹn mọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá sẹ́nu ọ̀nà kó wá gbé mi lọ."

Ọ̀rọ̀ wá di kò-lọ-kò-bọ̀. Bí jíìpù bá dé, ìyàwó á lọ; bí kò bá dé, ìyàwó á wà níbẹ̀, àmọ́ orí àpótí ni yóò wà. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn láti ojú fèrèsé. Mùtíù gba Háàrúnà nímọ̀ràn pé kó má gbé ọkọ̀ náà wá láéláé, nítorí ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ló ń mú ilé dúró. Háàrúnà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn: obìnrin tó jókòó lé àpótí kò sí nílé mọ́.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó wọ́ omi lọ sí àtíbàbà. Ó tẹ bọ́tìnnì tó ń jí ẹsẹ̀ iwájú, ó ṣe Bísímílà, ó kó sómi. Jíìpù náà ń lọ bí pẹ́pẹ́yẹ. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Háàrúnà fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣàrífátù jókòó síwájú, wọ́n sì gba inú omi padà.

Ó ku díẹ̀ kí táyà iwájú kan ọ̀dà tí oòrùn ti mú gbẹ nígbà tí Háàrúnà tẹ bíréèkì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì.

"Kí ló dé?" Ṣàrífátù bi í.

"Wọn kì í fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ń ba jíà jẹ́. Bó bá jẹ́ Kétu là ń lọ, màá yọ ti iwájú kúrò. Bó bá jẹ́ ilé la ó padà sí, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ṣàrífátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó gbẹ. Ó wẹ̀yìn wo omi, ó wá wo bọ́tìnnì náà pẹ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."