A Ti Gúnlẹ̀ O

Eyín iwájú méjì tó wà lẹ́nu Olúbùkọ́lá Ògúnṣọlá kì í ṣe tirẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ nígbà kan ló fi ìdí ife yọ èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá tó ti kúrò nílé ọkùnrin náà, àmọ́ títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́wọ́ sókè lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe pé ó fẹ́ nu òógùn ni, ọwọ́ Bùkọ́lá ti di ẹ̀ṣẹ́.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Calgary mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àdúgbò Temple ló ń gbé. School bus ló kọ́kọ́ ń wà, kó tó ní bọ́ọ̀sì oníjókòó méjìlá tirẹ̀ tó fi ń gbé àwọn ìyá àgbà rìnrìn àjò. Ẹ mọ irú àwọn ìyá tí mò ń wí: àwọn tí ọmọ wọn ránṣẹ́ pè láti Nàìjíríà pé kí wọ́n wá bá àwọn wo ọmọ. Wọ́n á dé tayọ̀tayọ̀, kò sì ní í pẹ́ tí wọ́n á fi di ẹni inú basement, snow níta, cartoon lórí tẹlifíṣọ̀n, títí ìwé àṣẹ á fi tán. Bùkọ́lá ní ìwà ìkà gbáà ni. Lọ́dọọdún, bí September bá ti dé, ó máa ń kó wọn jáde fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ kìíní, wọ́n á wo ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn nínú ìlú. Ọjọ́ kejì, wọ́n á wo ẹranko lórí òkè. Ọjọ́ kẹta, wọ́n á wọ ọkọ̀ kékeré lórí àwọn omi tó ya kúrò lára odò ńlá, tí wọn kì í ru. Ọjọ́ kẹrin, ó dilé.

Ti ọdún tó kọjá ní àṣírí nínú. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbéra ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mardiyah wá bá a níbi ìgbọ́kọ̀sí ní Sunridge. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ náà sókè. Bùkọ́lá rí àpá eyín ènìyàn, ó sì rí ibi tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ẹran ara. Gbóyèga ọkọ rẹ̀ ló ṣe é. Ẹnjiníà ni, lápá àríwá níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ó ti sọ fún Mardiyah pé ọjọ́ tó bá gbé Ìtùnúolúwa, ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún mẹ́rin, kúrò nílé, òkú rẹ̀ ni wọ́n á bá.

Ilé kan wà tí wọ́n ti ń gba irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ pamọ́, ní ìlú kan tí n kò ní í dárúkọ, torí ẹni tó sá síbẹ̀ kò fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀. Ọ̀nà orí òkè ni wọ́n ń gbà débẹ̀, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ dè é. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ìṣòro tó kù. Màmá Gbóyèga ló ń bá wọn gbé ní àdúgbò Savanna, òun ló sì ń wo Ìtùnú nítorí wọn kò rí àyè ní daycare. Mardiyah kò lè gbẹ́sẹ̀ kí ó má rí i.

Bùkọ́lá ní èyí kò le rárá, àfi kí àwọn mú Màmá dání. Kí Gbóyèga ṣáà ti padà síbi iṣẹ́, kí wọ́n jáde bí ẹni ń ṣe fàájì. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, Mardiyah àti ọmọ rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ, òun á sì gbé Màmá padà délé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ta ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá ìyá ọkọ? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní kí Mardiyah pa fóònù rẹ̀, kó fi sílẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ó rò pé òun ti dí gbogbo ihò.

Àwọn ìyá méjì mìíràn bá wọn lọ. Lọ́jọ́ kìíní, inú Màmá dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Nílé ìjọsìn àwọn Sikh, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n borí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì fún wọn lóúnjẹ. Màmá bu ẹ̀wà wọn sẹ́nu, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Ó ní ìjọ tó ń bọ́ àlejò kó tó béèrè orúkọ rẹ̀ mọ Ọlọ́run. Nílé ìjọsìn àwọn Hindu, Ìtùnú lu agogo ẹnu ọ̀nà títí ìyá rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá kò tíì gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ibùwọ̀ orí òkè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá tó bá rin ọ̀nà jíjìn kì í mumi kó tó pe ilé pé òun ti gúnlẹ̀. Bí Bùkọ́lá ṣe gbẹ́rù sílẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, Màmá ń pariwo sínú fóònù tirẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, pé àwọn ti gúnlẹ̀ o. Bùkọ́lá rí i, ó sì rò pé àbúrò Màmá tó wà ní Ìjẹ̀bú ló ń pè.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí elk, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi tó màlúù. Àsìkò tí àwọn akọ rẹ̀ ń jà nítorí abo ni September. Méjì wọn kọ lu ara wọn lójú pápá, ìwo ń dún gbàgà. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi ki ìwo bọ èkejì níhà, tó gbé e sókè, tó sì tún un gún nígbà tó ti ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ń hó nímú èyí tó ṣubú. Èyí tó borí wá ń da àwọn abo síwájú. Èyí tó bá yà, ó ń kàn án níwo lẹ́yìn títí tó fi padà. Nígbà tí kò sí akọ mìíràn mọ́, ó sáré wá bá bọ́ọ̀sì wọn, ó sì kan ilẹ̀kùn tó fi tẹ̀ wọnú. Àwọn ìyá ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Mardiyah bo ọmọ rẹ̀ lójú.

Màmá Gbóyèga béèrè pé ṣé àwọn abo yẹn kò lè sá ni. Bùkọ́lá dáhùn pé ibo ni wọ́n fẹ́ gbà. Màmá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ibùwọ̀, ó tún pe ìpè rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n dé etí omi. Ọmọ oyìnbó tó ń wa ọkọ̀ ti gbé àwọn ìyá méjì yòókù lọ ṣáájú. Ó ku Màmá, Mardiyah, Ìtùnú àti Bùkọ́lá. Bùkọ́lá ń bá Màmá de aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sínú omi, ni Màmá bá sọ pé kí àwọn rọra ṣe o, Gbóyèga ní kí àwọn dúró de òun.

Ọwọ́ Bùkọ́lá dúró lórí okùn. "Kí lẹ wí, Mà?"

"Mo ti ń pè é látìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tá a dé. Ṣé èèyàn á rìnrìn àjò kó má pelé ni? Lánàá ló béèrè orúkọ ibí àti àkókò tá a máa débẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe surprise fún ìyàwó òun."

 Bùkọ́lá ti pa fóònù ẹni tó ń sá, ó sì gbàgbé fóònù ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń sá. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó fẹ́ fọ́ nǹkan. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ní kí Mardiyah gbé ọmọ. Ìtùnú ti ń na ìka sí ojú ọ̀nà.

"That's Daddy's car," ló wí.

Ọkọ̀ dúdú kan ti dábùú bọ́ọ̀sì wọn. Gbóyèga sọ̀ kalẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò kí ìyá tó bí i. Ó ti Bùkọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú Mardiyah ní ìbòrí mọ́ irun, ó sì wọ́ ọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lọ sínú omi. "Ṣé mi ò warn ẹ?" ló ń sọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé mi ò warn ẹ, Mardiyah?" Ó fi orúnkún tẹ ẹ́ lẹ́yìn, ó sì ri orí rẹ̀. Omi yìnyín ni, ó tutù wọ eegun. Obìnrin náà ń fi ẹsẹ̀ ta òkúta. Ó fà á sókè, kó fi mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún rì í.

Sípánà táyà wà lábẹ́ ìjókòó Bùkọ́lá láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ náà, kì í sì í ṣe torí táyà nìkan. Ó fà á yọ, ó fi lu Gbóyèga lẹ́yìn. Gbóyèga fi ìgúnpá gbá a lẹ́nu, eyín méjì tí wọ́n fi rọ́pò bọ́ sórí òkúta, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu rẹ̀. Màmá wọ omi tòun ti bàtà, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀ níbàdí, ó ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, ó ní òun ìyá rẹ̀ ni. Gbóyèga he igi ìtukọ̀ kan tó wà létí ibẹ̀, ó sì fì í sẹ́yìn.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé kò mọ̀ pé ìyá òun ni. Bùkọ́lá wà níbẹ̀. Gbóyèga bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá rẹ̀, kó tó lù ú. Egungun apá Màmá dún bí igi gbígbẹ. Igi náà tún lọ sókè, ó tún balẹ̀ lórí apá kan náà.

Bùkọ́lá fi sípánà fọ́ ọ lórúnkún, ọkùnrin náà wó. Mardiyah rá jáde nínú omi, ó ń bì. Bùkọ́lá sì dúró lórí Gbóyèga, ó gbé irin náà sókè ní ọ̀gángán orí rẹ̀, ọdún mọ́kànlá sì wà nínú ọwọ́ yẹn. Ó fẹ́ pa á. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ó wù ú.

"Bùkọ́lá, má pa á," ni Màmá wí láti inú omi. 

Kò pa á. Ṣùgbọ́n irin náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tí ọmọ oyìnbó tó ń wa ọkọ̀ omi pè dé. Gbóyèga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já gaara. Ó ní obìnrin awakọ̀ yìí ló jí ìyàwó àti ọmọ òun gbé, òun ló fọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ìyàwó òun ṣubú sómi. Ìyá òun náà ṣubú, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun á bá wọn ṣe ògbufọ̀. Eyín Mardiyah ń gbá ara wọn, kò lè sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá kan ní kí Bùkọ́lá gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀kan tó jẹ́ obìnrin sì pe ògbufọ̀ tiwọn lórí fóònù, ó gbé e sítòsí ẹnu Màmá. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Olújìmí lorúkọ òun, ohun tí Màmá bá sọ gan-an lòun á sọ.

"Mọ́mì," ni Gbóyèga wí láti ilẹ̀, "ẹ ṣubú ni. Ẹ sọ fún wọn. Èmi nìkan lẹ bí."

Màmá wò ó títí, apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ.

"Mi ò ṣubú," ló wí fún fóònù náà. "Ọmọ mi ló fi igi lù mí. Ó fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀ sínú omi, mo lọ dì í mú. Basement ni mò ń sùn nílé wọn. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń lù ú lókè, màá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Èmi náà ni mo pè é wá síbí. Sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, má yọ ìkankan sílẹ̀."

Ohùn náà tú gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ní kí Bùkọ́lá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ Gbóyèga.

Mardiyah àti Ìtùnú dé ìlú tí n kò dárúkọ lọ́jọ́ kẹrin. Kí wọ́n tó pínyà, Mardiyah kò sọ pé òun ti dárí jì Màmá, Màmá kò sì bẹ̀ ẹ́. Mardiyah kàn bá a wé gèlè rẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn ti di apá kan, ọwọ́ kan tó kù kò sì lè wé e.

Bùkọ́lá gbé àwọn ìyá yòókù délé wọn. Nígbà tó dé oríta Savanna, kò yà. Ilé tirẹ̀ ní Temple ló gbé Màmá lọ. Wọ́n wọlé, ó fi í jókòó, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ òsì wá fóònù nínú àpò, ó tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúró lórí orúkọ tó wà lókè pátápátá.

"A ti gúnlẹ̀," ló wí. "Ta ni kí n wá pè báyìí?"

Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí eyín Bùkọ́lá wà tẹ́lẹ̀. "Ẹ pè mí, Mà."

Ó pẹ́ kí Màmá tó rí orúkọ rẹ̀. Fóònù Bùkọ́lá dún nínú àpò, ó gbé e sétí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Bùkọ́lá," ni Màmá wí, "a ti gúnlẹ̀ o."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Mà," ni Bùkọ́lá dáhùn, ó sì bú sẹ́kún.